Akólòlò Tí Gbogbo Ayé Mọ Ohùn Rẹ̀

Ìbà ni mo kọ́kọ́ jú. Ẹ̀yin àgbààgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní kí n tó bẹ̀rẹ̀. Akólòlò ni mí. Ọ̀rọ̀ máa há sí mi lẹ́nu níbí lónìí, kò sì ní jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Tó bá há, ẹ má bá mi parí ẹ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀, torí ara mi balẹ̀. Ẹ ṣáà máa wò mí. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń bọ̀ lọ́nà.

Òní, 22 oṣù Ọ̀wàrà, ni ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ káàkiri àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ìkólòlò, láti ọdún 1998. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí mo fi ń ṣe àwòkọ́ṣe. Nígbà tí àwọn kan gbọ́, wọ́n rò pé Mósè ni n ó mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Bíbélì mọ̀ pé ó sọ fún Ọlọ́run pé olóhùn wúwo ni òun, aláhọ́n wúwo sì ni òun. Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà mọ àdúrà Ànábì Mùsá, tó bẹ Ọlọ́run pé kó tú kókó tó wà ní ahọ́n òun, kí ọ̀rọ̀ òun lè yé àwọn èèyàn. Àwọn mìíràn ní Ọba George Kẹfà ni n ó mú, ọba Gẹ̀ẹ́sì tí àwòrán orí rẹ̀ wà lára ṣílè tí àwọn bàbá wa ná. Òun náà kólòlò, ó sì ń lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin ará Australia kan, Lionel Logue, láti ọdún 1926, kó lè dá ọ̀rọ̀ sọ láwùjọ.

Èèyàn ńlá ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n wòlíì ni ọ̀kan, ọba sì ni ìkejì. Ipò ló gbé ọ̀rọ̀ kà wọ́n láyà, wọn ò ríbi sá sí. Ẹni tí mo mú wá fún yín, ọmọ oko ni. Kò sí ipò kankan tó fipá mú un sọ̀rọ̀. Kódà, ó ti pa ẹnu rẹ̀ dé fúnra rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣí i mọ́. James Earl Jones lorúkọ rẹ̀, òṣèré ará Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lè máà mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohùn rẹ̀. Ṣé ẹ ti wo eré kìnnìún yẹn, The Lion King? Ta ni bàbá Simba? Ẹ ṣeun, Mufasa. Ohùn tó wọlẹ̀ ṣinṣin yẹn, tó jẹ́ pé bó bá pe Simba, ẹ̀yin náà á fẹ́ dáhùn, ohùn James Earl Jones ni. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí Darth Vader nínú fíìmù Star Wars, láti ọdún 1977? Ẹni tó wọ aṣọ dúdú yẹn lọ́tọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń dárúkọ CNN lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ka Májẹ̀mú Tuntun sórí kásẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn èèyàn sì rà á kí wọ́n lè máa fi ohùn rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Akólòlò ni o. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Akólòlò ni.

Ọmọ tó dákẹ́

Ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1931 ni wọ́n bí i, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Arkabutla, ní Mississippi, lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ti fi ilé sílẹ̀. Àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n kó kúrò ní Mississippi, wọ́n forí lé àríwá, wọ́n lọ dáko ní Michigan. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há sí ọmọ náà lẹ́nu. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ló bá dákẹ́.

Mi ò sọ pé ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan o. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ni. Ní ilé ìwé, tí olùkọ́ bá bi í ní nǹkan, á kọ ọ́ sínú ìwé. Nílé, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ò tó nǹkan. Àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ dáadáa ni àwọn ẹran ọ̀sìn tó wà lóko wọn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ìkólòlò ṣe rí gan-an nìyẹn. Akólòlò lè dá wà kó sọ̀rọ̀ bí omi tó ń ṣàn. Ó lè bá ajá sọ̀rọ̀, ó lè bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Tó bá ń kọrin, kì í há. Tí òun àti èèyàn mìíràn bá jọ ń ka nǹkan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í há. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sí iwájú ẹni tó ń retí èsì, ẹ̀yin náà á rí i. Ìdí rèé tí àwọn èèyàn fi máa ń sọ pé, "Ó mọ̀ ọ́n ṣe ni, ṣebí mo gbọ́ nígbà tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì." Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀nà tí orin ń gbà nínú ọpọlọ àti ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ń gbà ò rí bákan náà.

Ohun táwọn onímọ̀ ti rí ni pé bí ọpọlọ ṣe ń ṣètò àkókò tí ẹnu, ahọ́n àti èémí yóò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ló yàtọ̀ lára akólòlò. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Láàárín ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọmọ 100, nǹkan bí 5 ló máa ń kọjá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Láàárín àgbàlagbà, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ló kù, ọkùnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju obìnrin lọ. Kì í ṣe àìgbọ́n. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe pé ọmọ náà sín akólòlò kan jẹ, tó wá ràn án, bí wọ́n ṣe sọ fún wa ní kékeré. Ìbẹ̀rù lè mú kó le sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ló bí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín léèrè. Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ ọmọ yẹn, kí là bá máa pè é?

Mo gbọ́. Ìyá kan sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn. Ọmọ tí kì í kí èèyàn. Ọmọ tí ò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Nílẹ̀ wa, ìkíni la fi ń kọ́kọ́ mọ ọmọ tí wọ́n kọ́. O jí, o kí bàbá. O jáde, o kí ará àdúgbò. O dé ilé ìwé, o kí tíṣà. Iṣẹ́ ní ìkíni tirẹ̀, ìjókòó ní tirẹ̀, òjò ní tirẹ̀. Ẹwà ilẹ̀ wa ni, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tó ń kólòlò láàárọ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ọrùn rẹ̀ le, iṣan yọ níwájú orí rẹ̀, "ẹ káàárọ̀" ò jáde. Àgbàlagbà tó dúró níwájú rẹ̀ rò pé ó ń fojú di òun ni. Ó lè gbá a létí. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, kó má bàa pàdé ẹni tó máa kí.

Èmi náà gba ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ìyá mi á rán mi ní búrẹ́dì. B... b... búrẹ́dì. [Ọ̀rọ̀ há díẹ̀ níbí, àwọn tó wà níjókòó sì dúró dè é.] Ẹ ṣeun. Ẹ rí i pé títí dòní, bẹ́ẹ̀ ló rí. N óò máa tún un sọ nínú ara mi láti ilé wa títí dé ojú ṣọ́ọ̀bù. Màmá tó ń tajà á ní, "Kí lo fẹ́ rà?" Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń kánjú. Mo lè fi orí ahọ́n mi kan ọ̀rọ̀ náà, kò jáde. Ni mo bá sọ èyí tó rọ̀ mí lẹ́nu: "Ìṣáná." Mo mú ìṣáná délé, ìyá mi wò mí, ó ní, "Ṣé etí ẹ di ni?" Mo gbà pé etí mi di. Ó sàn fún mi kí wọ́n pè mí ní adití ju kí n padà sójú ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ.

Búrẹ́dì ṣì ṣeé fi ìṣáná rọ́pò. Orúkọ ẹni ńkọ́? Ohun tó le jù fún ọ̀pọ̀ akólòlò láti sọ ni orúkọ ara wọn, torí kò sí òmíràn tí wọ́n lè fi dípò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí èyí nígbà tẹ́ ẹ bá ní kí ọmọ tuntun dìde kó sọ orúkọ rẹ̀ fún kíláàsì.

Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa ọmọ Michigan tó dákẹ́ fún ọdún mẹ́jọ, kò yà mí lẹ́nu rárá. Ó ti ṣírò ó, ó rí i pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ò wọ́n tó ẹ̀rín àwọn èèyàn.

Gérépù àti olùkọ́ kan

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù rèé.

Nígbà tó dé ilé ìwé gíga, ó bá olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan pàdé, Donald Crouch. Olùkọ́ yìí fẹ́ràn ewì. Ó wá ṣàkíyèsí pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ń kọ ewì. Nígbà ogun Hitler, gérépù dé àgbègbè wọn láti gúúsù lásìkò òtútù. Ẹ ro ó wò, yìnyín bo ilẹ̀, èso tútù dé! Ọmọ náà jẹ ẹ́, adùn rẹ̀ yà á lẹ́nu, ó jókòó, ó fi kọ ewì.

Olùkọ́ ka ewì ọ̀hún. Ó ní ó dára ju kó jẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí ló ti wá lọ. Ó ní tó bá jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, kó dìde, kó kà á lórí níwájú kíláàsì.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ọmọ yẹn. Tó bá jókòó, wọ́n á ní ó jí ewì kọ. Tó bá dìde, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń kólòlò. Èwo lẹ̀yin ì bá yàn? Ewì yẹn nìkan ni nǹkan tó ní tí kò sẹ́ni tó lè fi rẹ́rìn-ín. Ó dìde. Ó ya ẹnu. Ewì náà jáde láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìparí, kò há níbì kan.

Ó ya òun gan-an lẹ́nu. Ó ya olùkọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó ya ẹni tó bá mọ oríkì lẹ́nu. Ewì ní ìlù nínú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn, ahọ́n ti mọ ibi tó ń lọ kó tó dé ibẹ̀. Ìyá àgbà mi máa ń kì mí láràárọ̀, èmi náà á sì máa kì tẹ̀ lé wọn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ lójúmọ́ nígbà yẹn, oríkì nìkan ni kì í há sí mi lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí. Wọ́n ń wá oògùn kiri, wọ́n ń fún mi ní àgbo mu, oríkì sì wà lẹ́nu ìyá àgbà láràárọ̀.

Iṣẹ́ mi lónìí ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kì í dáhùn ìbéèrè. Lọ́jọ́ kan tá a ń ṣe ìjálá, mo ní kí gbogbo kíláàsì jọ sun ún. Mo rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín tàwọn yòókù, ó dán, ó gún. Nígbà tó yá, mo pè é ní kọ̀rọ̀, mo bi í bóyá ó fẹ́ sun ún fún èmi nìkan. Ó ní òun fẹ́. Ó pẹ́ kó tó sun ún fún kíláàsì, òun ló sì mú ọjọ́ fúnra rẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí pé mi ò fẹ́ kí olùkọ́ kankan ti ibí lọ, kó lọ gbé akólòlò dúró lójijì níwájú ogójì ọmọ, kó ní ohun tí Crouch ṣe lòun náà ń ṣe. Rárá o! Crouch ti ń ka ìwé ọmọ náà. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan yẹn, kò fi í sílẹ̀: ó ní kó máa ka ewì sókè lójoojúmọ́, ó mú un wọ ìdíje àríyànjiyàn àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ tó dákẹ́ fún ọdún mẹ́jọ gba ipò kìíní nínú ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ, ó gba sìkọ́láṣípù lọ sí Yunifásítì Michigan.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára olùkọ́ yẹn ni pé kò káàánú rẹ̀. Àánú ti pọ̀ jù lọ́rọ̀ akólòlò. Àánú ló ń jẹ́ kí wọ́n fo orúkọ wa nígbà tí wọ́n bá ń pín iṣẹ́. Àánú ló ń jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n máa bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí àbúrò fi gbàgbé pé òun ní ẹnu. Crouch ka ewì ọmọ náà bí ewì, ó sì bi í ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹni tó kọ nǹkan tó dára.

Kò lọ

Ibi tí èmi àti àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í ti fohùn ṣọ̀kan rèé. Wọ́n máa ń sọ pé James Earl Jones ṣẹ́gun ìkólòlò. Wọ́n á ní ọjọ́ tó ka ewì yẹn ló bọ́. Mo ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù, mo ti gbọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ ìwúrí.

Kò bọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, títí ó fi darúgbó, pé akólòlò ṣì ni òun. Ó kàn ń bá a ṣiṣẹ́ ni. Tó bá ń sọ̀rọ̀ tí kò kọ sílẹ̀, á máa yan ọ̀rọ̀ tó máa lò. Ẹ tún lọ gbọ́ ohùn yẹn dáadáa. Bó ṣe ń rọra sọ̀rọ̀, bó ṣe ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láyè, gbogbo ayé rò pé ọlá ni. Lójú tèmi, ohùn ẹni tó ń wo ilẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀ ni.

Pẹ̀lú ìkólòlò yẹn ló fi gba àmì ẹ̀yẹ Tony, ti àwọn òṣèré orí ìtàgé, ní 1969, ó tún gba òmíràn ní 1987. Pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n fi fún un ní Oscar ìdánilọ́lá, ti eré sinimá, ní 2011. Ní 2022, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé eré kan ní Broadway, ní New York. Ó jáde láyé ní 9 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2024, ó pé ẹni ọdún 93. Akólòlò ni wọ́n sin.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀? Torí ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé akọni kan ṣẹ́gun ìkólòlò, á lọ sílé, á máa retí ọjọ́ tí tirẹ̀ máa lọ. Tí kò bá wá lọ ńkọ́? Á rò pé òun ò gbìyànjú tó, tàbí pé àdúrà òun ò gbà. Mo ti rí ọmọ ogún ọdún tó ń dúró de ọjọ́ yẹn kó tó wá iṣẹ́, kó tó bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀. Èmi gan-an dúró dè é fún ìgbà pípẹ́. James Earl Jones ló jẹ́ kí n yéé dúró. Mo rí i pé ẹni tí ohùn rẹ̀ dára jù láyé ń kólòlò, ó sì ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Èmi náà jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́

Ó ku díẹ̀. Ẹ̀yin òbí ni mo fẹ́ bá sọ èyí.

Àwọn àgbà ní, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń pa òwe yìí fún wa bíi pé àwa ló yẹ kó ní sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní sùúrù ju akólòlò lọ? Ẹni tó yẹ kó ní sùúrù nínú òwe yẹn ni bàbá. Ṣé bàbá ṣì máa wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ bá pè é tán? Tàbí ó ti kọjú sí fóònù rẹ̀?

Ẹ má na ọmọ nítorí ìkólòlò. Ẹ má gbá a lẹ́nu. Ẹ má ní kó tún un sọ dáadáa níwájú àlejò. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ wò ó lójú, ẹ jẹ́ kó parí. Ẹ̀yin gan-an, ẹ dín ìkánjú kù nínú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń bá a sọ, torí ilé tí gbogbo èèyàn ti ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu máa ń mú kó le fún un. Tó bá dọ̀bálẹ̀ kí yín tí ohùn ò jáde, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ti kí yín. Tó bá sì ti tó bí oṣù mẹ́fà tí ìkólòlò ọmọdé ò dẹwọ́, ẹ má jókòó ti àgbo. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni tó bá súnmọ́ yín, ẹ béèrè ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Wọn ò pọ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọ́n wà, Yunifásítì Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́, tẹ́ ẹ bá ń pe orúkọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lè nawọ́ dípò kó dáhùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì-méjì jọ ka ìwé sókè. Nígbà ìdánwò àfẹnusọ, ẹ fún un ní àkókò tó pọ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì fún un ní máàkì lórí ohun tó sọ, kì í ṣe lórí bó ṣe pẹ́ tó kó tó sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ iwájú, mi ò ní sọ fún yín pé ó máa lọ. Ó lè lọ, ó lè máà lọ. Ẹ lọ wá nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ fi máa dìde sọ ọ́, bí ọmọ yẹn ṣe dìde nítorí gérépù.

Mo dúpẹ́ o. Ó ti di àkókò ìbéèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣì mú ọwọ́ yín sọ̀kalẹ̀ ná. Ọmọ tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé yẹn ti ń na ọwọ́ tipẹ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un.